Ìdí tí "run" fi ní ìtumọ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀ta, àti bí a ṣe ń mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn

Òǹkàwé kan tí ó ń túmọ̀ ìwé láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Yorùbá kọ̀wé béèrè báyìí pé: "Mo kà á níbì kan pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré tí à ń pè ní 'run' ní ìtumọ̀ tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta. Ṣé òótọ́ ni? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, báwo ni ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ yóò ṣe mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn? Ṣé kí n jókòó kí n há gbogbo wọn sórí ni? Láìpẹ́ yìí ni mo pàdé 'there was a run on the bank' nínú iṣẹ́ mi, mo sì túmọ̀ rẹ̀ pé àwọn ènìyàn sáré lórí báǹkì, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ sí i."

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iye yẹn gba àlàyé kí ó tó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ìwé atúmọ̀-èdè Oxford, èyí tí apá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1884 tí wọn kò sì parí rẹ̀ títí di ọdún 1928, ni àwọn ènìyàn sábà máa ń tọ́ka sí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti iye ìtumọ̀. Nínú ẹ̀dà kejì rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1989 ní ìdìpọ̀ 20, "set" ni ó wà ní ipò iwájú, nítorí pé ìtumọ̀ 430 ni wọ́n tò sílẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe. Nígbà tí wọ́n wá ń tún ìwé náà ṣe fún ẹ̀dà kẹta, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú rẹ̀, Peter Gilliver, ni iṣẹ́ "run" bọ́ sí lọ́wọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó fi jókòó ti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, nígbà tí yóò sì fi parí, ìtumọ̀ 645 ni ó wà lábẹ́ "run" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan, láì tíì ka "run" tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ mọ́ ọn.

Ó dára kí ẹ mọ bí a ṣe ń rí irú iye bẹ́ẹ̀. Nígbà tí James Murray di olóòtú ìwé náà ní ọdún 1879, ohun tí òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ gbára lé ni ìwé pélébé-pélébé tí àwọn òǹkàwé ń fi ránṣẹ́ láti ibi gbogbo, tí wọ́n da gbólóhùn kan kọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti inú ìwé tí wọ́n ti kà. Olóòtú a wá kó gbogbo ìwé pélébé tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ kan jọ, a tẹ́ wọn síwájú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n sọ́tọ̀ ní òkìtì-òkìtì: èyí bá èyí lọ, èyí kò bá èyí lọ. Kọ̀ǹpútà ni ó ń kó àpẹẹrẹ jọ lóde òní, ṣùgbọ́n ṣíṣà náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ó ní àpẹẹrẹ méjì níwájú, "the water is running" àti "my nose is running". Ṣé òkìtì kan náà ni yóò kó wọn sí, nítorí pé omi ni ó ń dà nínú méjèèjì? Àbí òkìtì méjì, nítorí pé nínú ti àkọ́kọ́, ohun tí ń dà náà ni olùwà gbólóhùn, nígbà tí ó jẹ́ pé nínú ti èkejì, ibi tí nǹkan ti ń dà ni olùwà? Olóòtú tí ó fẹ́ràn láti là á sí wẹ́wẹ́ yóò ní méjì. Ẹni tí ó fẹ́ràn láti kó wọn pọ̀ yóò ní ẹyọ kan. Ìpinnu tí a ṣe lọ́pọ̀ ìgbà báyìí ni ó di 645. Ẹ tún rántí pé ìtàn ọ̀rọ̀ láti ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ni ìwé náà ń kọ, nítorí náà àwọn ìtumọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ wà nínú iye yẹn pẹ̀lú. Ìwé atúmọ̀-èdè kékeré tí a ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ lè mú díẹ̀ péré nínú wọn, kò sì ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ọmọ tí a bí sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àpótí 645 nínú orí rẹ̀. Kò ní in. Ohun tí ó ní ni èrò mélòó kan tí ó jinlẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà tí ó ń gbà nà wọ́n dé ibi tí ọ̀rọ̀ bá gbé e dé. Àwọn èrò wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ kí á kọ́kọ́ wá dé gbòǹgbò.

Ohun tí ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé eré ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni "run" ti bẹ̀rẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí wọ́n jẹ́ ìbátan ara wọn ni ó wà. Ọ̀kan ni "rinnan", tí wọ́n tún máa ń pè ní "irnan". Kì í gba àbọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí nǹkan sáré tàbí kí nǹkan ṣàn. Èkejì ni "ærnan", tí ó máa ń gba àbọ̀; òun ni ti kí ènìyàn gun ẹṣin sáré, tàbí kí ó fi eré dé ibì kan, inú ọ̀rọ̀-ìṣe aṣokùnfà tí ó túmọ̀ sí "mú kí ó sáré" ni ó sì ti jáde wá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn méjèèjì wọ inú ara wọn, wọ́n di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Èdè Jámánì tí ó jẹ́ ìbátan Gẹ̀ẹ́sì ṣì ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ títí di òní: "rennen" ni kí ènìyàn sáré, "rinnen" ni kí omi máa ṣàn.

Bí ẹ bá ti di èyí mú, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Ṣíṣàn omi kì í ṣe àfiwé tí akéwì kan mú wá lẹ́yìn ìgbà náà. Ọmọ inú ilé ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí odò fi ń "run", tí ẹ̀rọ omi fi ń "run", tí imú ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe fi ń "run", tí àwọ̀ aṣọ tí ó yọ sára aṣọ mìíràn nígbà tí a ń fọ̀ wọ́n pọ̀ náà sì "run". Kò sí ẹsẹ̀ kankan nínú gbogbo wọn. Èdè Yorùbá kò gba kí imú sáré: ikun ni ó ń dà. Odò ń ṣàn, àwọ̀ aṣọ yọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwa lò níbi tí àwọn lo ẹyọ kan, kò sì sí àǹfààní tí èyí ní lórí ìyẹn. Kì í ṣe ojú kan náà ni èdè kọ̀ọ̀kan ń gbà pín ayé.

Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe aṣokùnfà yẹn ni ẹ̀ka kejì ti hù. Bí ènìyàn bá lè mú kí ẹṣin sáré, ó lè mú kí ọkọ̀ ojú omi máa lọ, ó lè mú kí ẹ̀rọ máa yí, ó lè mú kí ilé-iṣẹ́ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. "She runs a company" kì í ṣe pé obìnrin náà ń sáré. Òun ni ó ń darí ilé-iṣẹ́ náà, tí kò jẹ́ kí ó dúró. Ẹ kíyè sí ohun tí ó ń bọ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ti ń rìn láti ibì kan sí òmíràn. Ẹṣin ní ẹsẹ̀, ó sì ń kúrò lójú kan. Ọkọ̀ ojú omi kò ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kúrò lójú kan. Ẹ̀rọ tí ń lọ ọkà kò kúrò lójú kan rárá, apá kan nínú rẹ̀ ni ó kàn ń yí. Ilé-iṣẹ́ kò tilẹ̀ ní ohun tí ń yí. Ètò tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà ni ó kẹ́yìn wọn, kò sí ohun tí ojú lè rí nínú rẹ̀, síbẹ̀ "the program is running" ni wọ́n ń wí. Ohun tí ó ṣẹ́kù nígbà tí gbogbo ìyókù ti bọ́ sílẹ̀ ni pé nǹkan ń lọ lọ́wọ́, kò tíì dúró. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ayé ẹ̀rọ ni ó bù kún ìtumọ̀ "run" jù lọ: bí ẹ̀rọ tí ooru omi híhó ń yí, ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀rọ iná mànàmáná àti kọ̀ǹpútà ti ń dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ tí ó ti mọ bí a ti ń sọ pé ohun aláìlẹ́mìí ń lọ.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ìlọ láìdúró nìkan ni ó ṣẹ́kù, a lè mú un kúrò nínú ààyè, kí á gbé e sínú àkókò. "The contract runs for five years": ọdún márùn-ún ni àdéhùn náà yóò fi múlẹ̀. "The play ran for three years": ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe eré náà lórí ìtàgé láìdáwọ́ dúró. Ti ojú ọ̀nà ni ó sì dùn mọ́ mi jù. "The road runs along the river" kò ní ìṣípòpadà kankan nínú, nítorí pé ilẹ̀ ni ọ̀nà náà wà, kò lọ síbì kankan. Ojú ẹni tí ń wò ó ni ó ń lọ. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìfiyè sí i nígbà tí a bá ní "ọ̀nà náà gba etí odò lọ", bí ẹni pé ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni ó ń rìn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé àìbìkítà àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fa gbogbo èyí, kí ó dá "pa" tiwa wò. A ń pa ejò, a ń pa iná, a ń pa irọ́, a ń pa òwe, a ń pa àlọ́, a ń pa àṣẹ, a ń pa ariwo, a ń pa àgọ́, a sì ń pa owó. Adìẹ ń pa ẹyin, ọtí ń pa ẹni tí ó mu ún jù, ebi ń pa ẹni tí kò tíì jẹun, òjò sì pa ẹni tí kò rí ibi yà sí. Ẹ wo bí ó ti rí: adìẹ tí ó pa ẹyin mú ẹ̀mí jáde láti inú rẹ̀, ẹni tí ó pa ejò gba ẹ̀mí rẹ̀, ọmọ kékeré kò sì ṣi èyí mú fún èyí rí. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ wa ní àkójọ ìtumọ̀ "pa". "Ẹyin" ni ó sọ irú "pa" tí ó jẹ́ fún wa, "iná" ni ó sọ ọ́, "òwe" ni ó sọ ọ́. Ohun tí elédè Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe nígbà tí ó bá gbọ́ "run" kò yàtọ̀ sí èyí rárá.

Ìyàtọ̀ kan wà tí mo ní láti fà yọ níbí, nítorí pé ó máa ń da àwọn ògbufọ̀ rú. Ọ̀rọ̀ kan tí ó ní ìtumọ̀ púpọ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì tí ìró wọn ṣe déédéé. "Bat" tí ó jẹ́ àdán àti "bat" tí ó jẹ́ igi tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù kò bá ara wọn tan. Orísun wọn yàtọ̀, ìró wọn ni ó kàn bọ́ sí ojú kan. Tiwa náà ni "rà" tí a fi ń sọ pé ènìyàn ra ọjà àti "rà" tí a fi ń sọ pé ẹran ti jẹrà. Bí ẹ bá lo gbogbo ọgbọ́n yín láti wá okùn tí ó so ọjà rírà mọ́ ẹran rírà, ẹ ó kàn dá ara yín lágara ni. "Run" kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdílé kan ṣoṣo ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti tàn ká, okùn sì wà láàárín èyíkéyìí nínú wọn àti gbòǹgbò. "Set" wà láàárín méjèèjì. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe, aṣokùnfà "sit" ni, ìyẹn "mú kí ó jókòó". Ṣùgbọ́n "set" tí ó túmọ̀ sí àkójọ àwọn nǹkan tí ó bá ara wọn mu ní ẹ̀jẹ̀ mìíràn lára, nítorí pé ọ̀rọ̀ Látìn náà "secta" dá sí i láti inú èdè Faransé àtijọ́.

Ẹ béèrè bí a ṣe ń mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. John Rupert Firth, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní ọdún 1957 pé ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá ń kó ni a ó fi mọ̀ ọ́n. Bí àgùntàn tí ó ń bá ajá rìn ṣe ń kọ́ ìwà ajá, bẹ́ẹ̀ ni "run" ń gba àwọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń kà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò ni olùwà: ta ni, tàbí kí ni, ó ń "run"? Bí ó bá jẹ́ ohun tí ó ní ẹsẹ̀, eré lè jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ohun olómi, dídà tàbí ṣíṣàn ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ àdéhùn tàbí ètò, àkókò ni a ń sọ. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wò ó bóyá ó gba àbọ̀. "He runs every morning" kò ní àbọ̀ tààrà, eré àràárọ̀ ni. "He runs the school" ní àbọ̀, ìdarí ni. "He is running a fever" náà ní àbọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í darí ibà. Ara rẹ̀ ń gbóná ni. Àbọ̀ ni ó yí ìtumọ̀ padà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí "ejò" àti "òwe" ti ń yí ti "pa" padà.

Ibi tí ó ti le jù ni ti àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ń tẹ̀lé e: "into", "out", "over", "down", "up", "through". Ibí ni ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ ti ń ṣubú, nítorí pé ògbufọ̀ a túmọ̀ "run", a tún túmọ̀ ọ̀rọ̀ kékeré náà lọ́tọ̀, a sì so wọ́n pọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ojú tí ẹ fi ń wo ọ̀rọ̀-ìṣe elélà tiwa wò wọ́n. Nínú "pa owó mọ́" tàbí "pa ọ̀rọ̀ rẹ́", ta ni yóò ya "pa" sọ́tọ̀ kí ó tó mọ ohun tí a sọ? Odidi ni wọ́n. Bákan náà ni "run out of money" ṣe jẹ́ odidi: owó tán. "I ran into an old friend" ni pé mo ṣe kòńgẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ kan, ṣùgbọ́n "the car ran into a wall" ni pé ọkọ̀ náà kọlu ògiri. Ẹ rí i pé olùwà tún padà wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àní lẹ́yìn tí a ti mọ ọ̀rọ̀ kékeré náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi "run down" nìkan hàn yín, nítorí pé ó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan sínú. Ọkọ̀ lè "run down" ẹni tí ń rìn lójú títì, ìyẹn ni pé ó gbá a ṣubú. Ènìyàn lè "run down" ẹnìkejì rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ìyẹn ni pé ó ń tàbùkù rẹ̀. Bátìrì lè "run down", agbára inú rẹ̀ ti tán. Ilé lè jẹ́ "run-down", ó ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ nítorí pé kò sí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ènìyàn náà lè jẹ́ "run-down", ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé àìsàn kékeré lè dá a dùbúlẹ̀. Bí ẹ bá sì wá pa á pọ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo, "rundown", àlàyé ṣókí lórí ọ̀rọ̀ kan ni. Bátìrì, ilé àti ẹni tí ó rẹ̀ wà ní ìlà kan náà, nítorí pé agbára tí ó dínkù díẹ̀díẹ̀ ni ó so wọ́n pọ̀. Àwọn ìyókù dúró lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá rí okùn agbára tí ó ń dínkù yẹn kò ní há mẹ́ta sórí. Ẹyọ kan ni yóò mọ̀.

Ọpọlọ ènìyàn ń ṣe yíyàn yìí kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi mọ̀ pé a ti yàn. Ní ọdún 1979, David Swinney tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí àwọn ènìyàn gbọ́ gbólóhùn tí "bugs" wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó lè jẹ́ kòkòrò, tí ó sì lè jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí àwọn amí fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Àní níbi tí gbólóhùn náà ti fi hàn kedere pé kòkòrò ni, ìtumọ̀ méjèèjì ni ó jí nínú ọpọlọ olùgbọ́ ní kété tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, èyí tí kò bá gbólóhùn mu ti kú. Ohun tí ó rọrùn fún ọpọlọ báyìí kò rọrùn fún ẹ̀rọ. Yehoshua Bar-Hillel, tí ó ti ṣiṣẹ́ gidigidi lórí ìtumọ̀ èdè pẹ̀lú ẹ̀rọ, mú àpẹẹrẹ kan wá ní ọdún 1960 láti fi hàn pé iṣẹ́ náà le ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ: "The box was in the pen." Ọmọdé kan ni ó ń wá àpótí ohun ìṣeré rẹ̀, inú "pen" ni ó sì ti rí i. Gègé ìkọ̀wé ni "pen", ọgbà kékeré tí a ń gbé ọmọ sí kí ó máa ṣeré náà sì ni. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn náà tí ó sọ èyí tí ó jẹ́. Ìmọ̀ pé àpótí tóbi ju gègé lọ ni ó sọ ọ́, ìmọ̀ yẹn kò sì sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè kankan. Àwọn ẹ̀rọ òde òní ti sunwọ̀n sí i púpọ̀, nítorí pé wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ tó láti mọ ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ bíi "run" sílẹ̀ fún wọn láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, rárá, ẹ má há wọn sórí. Ẹni tí ó bá há ìtumọ̀ sórí ní ẹyọ-ẹyọ yóò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí kò mọ ibi tí yóò fi wọ́n sí. Gbólóhùn odidi ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀: olùwà, "run", àti ohun tí ó tẹ̀lé e, kí ẹ sì kọ Yorùbá tí ẹ gbà pé ó bá a mu sí abẹ́ rẹ̀, láìjẹ́ kí "sáré" wá síbẹ̀ àfi bí ẹsẹ̀ bá wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ tí ó kúrú, tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ni ó ń dà yín láàmú ju ọ̀rọ̀ ńlá inú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ. George Kingsley Zipf, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ Amẹ́ríkà, fi hàn ní ọdún 1945 pé bí a bá ti ń lo ọ̀rọ̀ tó ni ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó. "Photosynthesis", ìyẹn bí ewéko ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo nítorí pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a fi rán an.

Ẹ tún máa wo ibi tí òǹkọ̀wé ti wá. Ẹni tí ó ń díje fún ipò ń "run for office" ní Amẹ́ríkà. Ní Bíríténì, "stand" ni wọ́n máa ń sọ, bí ẹni pé ìlà ìdúró ni wọ́n ní kí ó wà. Ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tí òwú rẹ̀ tú ní ìlà gbọọrọ ní "run" lára fún ará Amẹ́ríkà, "ladder" ni ará Bíríténì ń pè é.

Ó wá ku gbólóhùn yín. Nínú "a run on the bank", ọ̀rọ̀-orúkọ ni "run", "on" tí ó tẹ̀lé e sì ni ó gbé ìtumọ̀ rẹ̀ dání: kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dojú kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Báǹkì kì í kó gbogbo owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ jókòó. Ó ń yá èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ìbẹ̀rù bá wá mú kí gbogbo àwọn oníbàárà bèèrè owó wọn nígbà kan náà, kò ní lè san án, àní bí ó bá jẹ́ pé ó lágbára tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí báǹkì Northern Rock ní Bíríténì, àwọn ènìyàn sì tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Orí ìdúró ni wọ́n wà, wọn kò sáré. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn oníbàárà Silicon Valley Bank ní Amẹ́ríkà gbìyànjú láti gba dọ́là bílíọ̀nù 42 láàárín ọjọ́ kan, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti ṣe é. "Run" ni wọ́n pe méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀, ohun tí n óò kọ ni: "Àwọn oníbàárà rọ́ lu báǹkì náà láti gba owó wọn." Bí "run on the dollar" bá wà níwájú nínú ìwé náà, bí ó ti lè wà nínú ìwé tí ó bá ń sọ̀rọ̀ báǹkì, "rọ́ lu" kò ní bá a mu mọ́, nítorí pé àwọn ènìyàn ń sá kúrò lára dọ́là ni, ẹ kọ ọ́ pé gbogbo ènìyàn ń du àtita dọ́là ọwọ́ wọn.